Ọdún Tí A Ń Mú Igi Wọ Balùwẹ̀

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, kò sẹ́ni tó ń wẹ̀ nílé wa láì kọ́kọ́ fi igi na ògiri. Wàá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi dání lọ́wọ́ kan, wàá mú igi dání lọ́wọ́ kejì, aṣọ ìnura á wà léjìká rẹ. Bó o bá dé ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, wàá dúró síta, wàá na ògiri gbàgbàgbà, wàá sì pariwo pé, "Mò ń bọ̀ o!" bí àlejò tó fẹ́ wọlé onílé. Bí ohunkóhun kò bá mira níbẹ̀, o lè wọlé. Màámi ló ṣòfin yẹn. Bàámi máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ejò ò gbédè, ṣùgbọ́n bó bá kan Bàámi fúnra wọn láti lọ wẹ̀, mo máa ń gbọ́ igi tiwọn náà lára ògiri, ìró rẹ̀ sì máa ń le ju ti gbogbo wa lọ. Mo ti dàgbà báyìí. Inú fúláàtì tí ògiri balùwẹ̀ rẹ̀ ń dán gbinrin ni mò ń gbé, omi gbígbóná ń tú sí mi lórí láti òkè, síbẹ̀ ọwọ́ mi ṣì máa ń lọ sára ilẹ̀kùn, kó, kó, kó, kí n tó ṣí i. Àwọn ọmọ mi rò pé ìwà ọmọlúàbí ni.

Ilé tí mò ń wí yẹn kì í ṣe tiwa. Bíríkìlà ni Bàámi. Ìrágbìjí ni wọ́n ti wá ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ọkùnrin kan tó ń gbé lókè òkun sì gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan fún wọn kọ́ lẹ́yìn Ṣàngótẹ̀dó. Ó ní kí wọ́n kó ẹbí wọn wá síbẹ̀ títí ilé náà á fi parí, kí àwọn olè má baà wá kó irin lọ. Bá a ṣe di ará ilé ńlá nìyẹn, ilé tí kò ní ilẹ̀kùn, tí kò ní fèrèsé, tí irin ṣì yọrí lókè rẹ̀ bí irun ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Lójú tèmi, ààfin ni. Mo lè sùn ní pálọ̀ lónìí, kí n sùn ní yàrá àlejò lọ́la. Tápólì aláwọ̀ búlúù ni Bàámi ta sójú fèrèsé. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ wá láti ọ̀sà láàárọ̀, tápólì á máa lù pàpàpà, ìró rẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ ti ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré lódìkejì, àti ti adìyẹ Màámi tó ń pariwo pé òun ti yé ẹyin sínú bárò, kí ẹnikẹ́ni má fi bárò náà kó yanrìn. Balùwẹ̀ wa wà nísàlẹ̀, yàrá kékeré kan tó yẹ kó di ibi ìwẹ̀ onílé lọ́jọ́ iwájú. Kò tíì ní táìsì, kò tíì ní ẹ̀rọ omi. Ihò kan ló wà lẹ́sẹ̀ ògiri rẹ̀, tí omi ìwẹ̀ ń gbà ṣàn bọ́ sínú koríko. Ihò yẹn gan-an làwọn ejò sọ di ẹnu ọ̀nà.

Bí kì í bá ṣe yanrìn ni, bóyá wọn ò ní wá bá wa. Irà gbalasa ló wà lẹ́yìn ilé wa, omi dúdú, koríko tó ga ju Bàámi lọ, ọ̀pọ̀lọ́ tó ń dún látìrọ̀lẹ́. Lọ́dún yẹn ni àwọn ẹbí tó ni ilẹ̀ náà tà á, tí àwọn típà sì bẹ̀rẹ̀ sí da yanrìn sí i láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Gbogbo ohun tó ń gbé inú irà bá kó ẹrù wọn, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n sì kó wá. Ọ̀pọ̀lọ́ ló kọ́kọ́ dé, ejò tẹ̀ lé e. Inú bùúùtù Bàámi la ti rí àkọ́kọ́. Bàámi ti ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé ohun rírọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ìbọ̀sẹ̀. Ijó tí Bàámi jó láàárọ̀ ọjọ́ náà, mi ò rí irú rẹ̀ rí títí dòní, ọpẹ́lọpẹ́ pé ejò kékeré tí kò lóró ni. Ìkejì jẹ́ aláwọ̀ ewé, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn aṣọ, ó sì wé mọ́ irin tí wọ́n fi ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tí Màámi wà nínú balùwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lójú. Màámi ti dì í mú. Igbe tí wọ́n ké dé òpópónà. Wọ́n sáré jáde tàwọn ti aṣọ ìnura tí wọ́n fọwọ́ kan dì mú, wọ́n gun orí bárò, wọ́n lé adìyẹ kúrò lórí ẹyin rẹ̀, wọ́n sì kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀ títí Bàámi fi gbé ejò náà jáde lẹ́nu igi. Látọjọ́ yẹn lòfin igi ti bẹ̀rẹ̀. Ká má purọ́, kò sí ohun tí Màámi bẹ̀rù láyé tó ejò. Wọn kì í tiẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ bí oòrùn bá ti wọ̀. Okùn ni wọ́n ń pè é.

Èmi ńkọ́? Ẹ̀rù ń bà mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú mi tún ń dùn gan-an. Kò sí ọmọ kankan ní kíláàsì wa tó ń gbé irú ìròyìn tí mò ń gbé lọ síléèwé. Bí mo bá ti wọlé báyìí, wọ́n á ti pagbo yí mi ká, wọ́n á ní, "Bísí, òmíràn tún wọlé?" Bí òmíràn ò bá tíì wọlé, mo máa ń fi díẹ̀ kún gígùn ti tẹ́lẹ̀. Ejò inú bùúùtù yẹn ò ju ìka mélòó kan lọ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kí táàmù tó parí, ó ti gùn tó tábìlì tíṣà.

Ẹ má rò pé ejò dá wa dúró láti wẹ̀ o. Ilé wa fẹ́ràn ìwẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Omi kànga wa pọ́n bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí, ó sì ń rùn bí irin, nítorí náà Màámi máa ń pọn ọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ìdọ̀tí rẹ̀ lè rọ̀ sísàlẹ̀. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ wẹ̀ láàárọ̀, níta gbangba, lórí búlọ́ọ̀kù kan, nígbà tí ìrì ṣì wà lára koríko. Màámi á fi kànìnkànìn bó mi bí ìgbà tí wọ́n ń bó iṣu. Bó bá kan ọrùn, wọ́n á ní, "Gbórí sókè." Bó bá kan ẹ̀yìn etí, wọ́n á ní, "Oko rèé o, ilá ti ń hù níbí." Bàámi kì í wẹ̀ láàárọ̀. Wọ́n ní kí ni ẹni tó fẹ́ lọ po sìmẹ́ǹtì ń wẹ̀ fún. Ìrọ̀lẹ́ ni tiwọn. Omi àkọ́kọ́ tó bá ti ara Bàámi ṣàn máa ń dà bí ẹ̀kọ tí eérú bọ́ sí, omi kejì á ṣì ní àwọ̀, lẹ́yìn ìkẹta ni Bàámi gan-an á wá yọ jáde, dúdú tó ń dán, tó ń súfèé, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ látinú ògiri.

Àárín ọdún yẹn náà ni Màámi bí àbúrò mi ọkùnrin. Látìgbà tí mo ti ń kọ́ ìrìn ni wọ́n ti ń retí ọmọ mìíràn, wọ́n ti sunkún, wọ́n ti gbààwẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàámi, fi ń kì í ní Àjàní, ọmọ tí a jìjàdù kí a tó ní. Láti Ìrágbìjí ni Ìyá Àgbà ti wá tọ́jú ọmọ náà. Wọ́n gbé òrí wá, wọ́n gbé ọṣẹ dúdú wá, wọ́n gbé kànìnkànìn tí wọ́n fọwọ́ ara wọn lù wá, wọ́n sì gbé àpótí kékeré kan wá tí wọ́n máa ń jókòó lé bí wọ́n bá ń wẹ ọmọ. Wọ́n ní àwọn ò mọ bí àpótí Èkó ṣe rí.

Ìyá Àgbà kò jẹ́ gbé ọmọ wọ balùwẹ̀ wa. Yàrá tó máa di ilé ìdáná ni wọ́n yàn, torí pé ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú. Láàárọ̀ àti lálẹ́, wọ́n á jókòó sórí àpótí wọn, wọ́n á fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, wọ́n á ká ìró sókè dé itan, wọ́n á wá tẹ́ Àjàní lé ojúgun. Èmi ni mo ń bu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wá. Wọ́n á fi ọṣẹ kùn ún, wọ́n á fa apá, wọ́n á fa ẹsẹ̀, wọ́n á máa fi àtẹ́lẹwọ́ tí wọ́n kì bọ omi gbígbóná rọra tẹ orí rẹ̀ kó lè rí roboto, wọ́n á máa kì í, wọ́n á máa kọrin. Àjàní á máa ké ní tiẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé lọ tà. Bí gbogbo rẹ̀ bá parí, wọ́n á jù ú sókè, wọ́n á hán an, wọ́n á tún jù ú. Wọ́n ní kí àyà rẹ̀ má baà máa já bó bá dàgbà ni. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ti fẹ́ jù ú báyìí, Àjàní á dákẹ́ wẹ́lo, á la ojú kalẹ̀, á máa wòkè.

Jíjù yẹn ló dá ìjà sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí Màámi ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ju ọmọ náà sókè. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jù ú mọ́," ni Màámi wí lọ́jọ́ kan, lórí ìkúnlẹ̀. "Wọ́n ní ọrùn rẹ̀ ò tíì le." Ìyá Àgbà ò wo ojú wọn. Wọ́n ní, "Mo ju ọkọ rẹ. Mo ju gbogbo àwọn àbúrò rẹ̀. Èwo ló já bọ́ níbẹ̀?" Màámi dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n látọjọ́ náà, bí ìwẹ̀ bá ti ń parí lọ, Màámi á jáde lọ síbi okùn aṣọ, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sílé, wọ́n á máa sá aṣọ tó ti gbẹ. Ọ̀rọ̀ ò sí láàárín àwọn méjèèjì mọ́ ju ẹ káàárọ̀ àti ṣé ẹ ti jẹun lọ. Ìyá Àgbà ń dá jẹun. Mo gbọ́ tí Màámi ń sọ fún Bàámi pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fọgbọ́n sọ fún Ìyá Àgbà pé ìrànlọ́wọ́ wọn ti tó, kí wọ́n máa padà sílé. Bàámi mí kanlẹ̀, wọ́n ní ó dáa, lọ́jọ́ Àìkú làwọn máa sọ ọ́. Inú mi bàjẹ́, torí mo fẹ́ràn àwọn méjèèjì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ọjọ́ Àìkú náà, Bàámi lọ ra ìṣó lọ́jà Ṣàngótẹ̀dó. Bọ̀dá Ìdòwú, tó jẹ́ igbá kejì Bàámi lẹ́nu iṣẹ́, àti àwọn lébìrà tó kù ń kó búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ti tò sẹ́yìn ògiri ilé ìdáná lọ sókè. Mo mọ̀ lónìí pé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe yẹn ló tú u síta, abẹ́ búlọ́ọ̀kù ló ti ń gbé jẹ́ẹ́jẹ́ tiẹ̀. Ìyá Àgbà wà nínú ilé ìdáná, ọṣẹ ti kún ara Àjàní, ó ń ké. Mo gbé jọ́ọ̀gì omi dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí mo rí ohun dúdú kan tó ń gba ihò tí wọ́n fi sílẹ̀ fún páìpù wọlé. Ó ń dán, ó tóbi tó apá mi, kò sì kánjú rárá. Mo rò pé rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi ni. Ìgbà tó yọ ahọ́n ni mo mọ̀. Ó wọ́ lọ tààrà síbi tí omi ti rin ilẹ̀, ó gba abẹ́ orúnkún Ìyá Àgbà wọlé, síbi tí ìró wọn ti ṣíji bò, ó sì ká jọ síbẹ̀. Orí rẹ̀ nìkan ló kù síta. Ó gbé e sókè díẹ̀, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Èmi ló ń wò.

Mo gbá jọ́ọ̀gì mọ́ àyà. Orin Ìyá Àgbà já, wọ́n sì tún mú un padà. Ohùn orin yẹn náà ni wọ́n fi pe oríkì mi, tí wọ́n fi bá mi sọ̀rọ̀: "Àbẹ̀kẹ́, nǹkan tútù kan ń bẹ lábẹ́ itan mi. Ṣé òun ni?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Ó tóbi?" Mo tún mi orí. "Ó dáa. Má sáré, má pariwo. Fi ẹ̀yìn rìn, kó o lọ pe ìyá rẹ wá. Ìyá rẹ nìkan o. Bó o bá pe àwọn ọkùnrin yẹn, ṣọ́bìrì ni wọ́n máa kó dé." Mo fi ẹ̀yìn rìn. Nígbà tí mo yí igun ilé, mo fi gbogbo agbára mi sáré.

Màámi wà nídìí okùn aṣọ. Mo ní, "Màámi, ejò wà lábẹ́ ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà. Àjàní sì wà lórí ẹsẹ̀ náà." Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ń retí igbe. Mo tiẹ̀ wo ọ̀gangan ibi tí bárò wà. Ṣùgbọ́n Màámi bọ́ sálúbàtà wọn sílẹ̀, wọ́n so ìró wọn le, wọ́n sì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá láìsọ nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n rí orí dúdú yẹn, wọ́n dúró lójijì. Wọ́n di ògiri mú. Ejò náà gbé ọrùn sókè sí i, ọrùn náà wá tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìgbákọ. Bọ̀dá Ìdòwú ti rí wa láti orí àtẹ̀gùn, ó ti fò sọ̀ kalẹ̀ tòun ti ṣọ́bìrì. Ó ní, "Ẹ bì sẹ́yìn, Ìyá Bísí! Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo máa fi là á!" Màámi, tí wọn kì í gbóhùn sókè sí ẹnikẹ́ni, yíjú padà. Wọ́n ní, "Ìdòwú, bó o bá gbé ẹsẹ̀ kan wọ ibí, èmi àti ẹ ni lónìí. Ìyá mi àti ọmọ mi ló wà níbẹ̀ yẹn." Bọ̀dá Ìdòwú dúró gbagidi.

"Ìyàwó mi, má wọlé," ni Ìyá Àgbà wí. "Bó o bá gbẹ́sẹ̀ sí i, á ṣán. Bí mo bá sì gbé ọmọ sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni mo gbé e sí." Àjàní ń ta ẹsẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń yọ̀ fún ọṣẹ, ọwọ́ Ìyá Àgbà sì dì í mú bí irin. Màámi ní, "Ṣé ẹ lè nà án sí mi?" Ìyá Àgbà ní, "Apá mi ò dé ọ̀dọ̀ rẹ." Mo rí i tí ojú àwọn méjèèjì pàdé, mo sì mọ̀ pé ohun kan náà ló wá sí wọn lọ́kàn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Ìgbà tó yá, Màámi ló kọ́kọ́ sọ ọ́.

"Ìyá, ẹ jù ú."

"Ọṣẹ wà lára rẹ̀, á yọ̀ mọ́ ẹ lọ́wọ́."

"Ẹ fi aṣọ ìnura wé e. Ẹ jù ú sí mi."

"Ìyàwó mi..."

"Mo ní kí ẹ jù ú, Ìyá. Màá hán an."

Ìyá Àgbà rọra fa aṣọ ìnura kúrò léjìká. Láti ìbàdí wọn lọ sísàlẹ̀, òkúta ni wọ́n, ọwọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Wọ́n wé Àjàní yípo, wọ́n ki aṣọ bọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Bó ti rí ara rẹ̀ lókè báyìí, Àjàní dákẹ́, ó la ojú kalẹ̀. Ó rò pé ìwẹ̀ ti parí ni. Màámi na ọwọ́ méjèèjì. Ìyá Àgbà ní, "Bísímílà," wọ́n sì jù ú. Mo rí àbúrò mi tó gba inú atẹ́gùn kọjá, mo rí ẹsẹ̀ kékeré kan tó yọ jáde nínú aṣọ, fóòmù ọṣẹ ta sí mi lẹ́nu. Ejò náà fọn, ó nà sókè fìà, ó ṣán ibi tí òjìji ọmọ náà gbà kọjá, kò bá nǹkan kan. Àjàní ti wà láyà Màámi. Màámi dì í mọ́ra débi pé Àjàní wá rántí pé ó yẹ kóun ké. Àwọn lébìrà pariwo lẹ́yìn wa bí ìgbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n.

Mo rò pé Màámi á gbé ọmọ wọn, wọ́n á sá lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ń yọ̀ bí ẹja, wọ́n sì yí padà sí ẹnu ọ̀nà. "Ó ku ẹ̀yin, Ìyá." Ìyá Àgbà ní, "Máa gbé ọmọ rẹ lọ. Èmi ti dàgbà." Màámi ní, "Mi ò lọ síbì kankan." Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wo ejò, wọ́n wo gbogbo wa tá a dí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Ẹ kúrò níbí. Ṣé ẹ ò rí i pé àwa ló ń bẹ̀rù ni? Ibi tó fẹ́ gbà la dúró sí." Gbogbo wa bì sẹ́yìn, a lọ dúró sídìí òkìtì yanrìn. Màámi fúnra wọn jókòó sórí búlọ́ọ̀kù níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí Ìyá Àgbà ti lè máa rí orí wọn. Wọ́n ní kí Ìyá Àgbà máa bá àwọn sọ̀rọ̀. "Kí n sọ kí ni?" "Ẹ sọ ti Bàbá Bísí fún mi, nígbà tó wà lọ́mọdé."

Bí Ìyá Àgbà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nìyẹn, tí ejò dúdú ká jọ sí wọn lábẹ́ itan. Wọ́n ní Mùtíù, ìyẹn Bàámi, kò fẹ́ràn omi rárá, pé bí wọ́n bá ti gbé omi ìwẹ̀ kaná báyìí, á ti sá wọ inú agbọ̀n àgbàdo. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan, ó sùn lọ síbẹ̀, gbogbo àdúgbò wá a dé odò, àwọn ń sunkún, àfi ìgbà tí ewúrẹ́ dé ìdí agbọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ṣòkòtò rẹ̀. Màámi bú sẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ tí Ìyá Àgbà náà ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ò kọjá ọ̀fun, torí pé ìdí wọn ò gbọdọ̀ mì. Màámi ní, "Títí dòní, ẹ̀yìn iṣẹ́ nìkan ló ń wẹ̀." Ìyá Àgbà ní, "Ó ṣì ń bá a bọ̀ nìyẹn?" Ẹ̀rín tún sọ. Èmi tí mo gbé Àjàní dúró lórí yanrìn, omi ń bọ́ lójú mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, mi ò mọ èwo ni kí n ṣe.

Àárín ẹ̀rín yẹn ni orí dúdú náà yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì wọ́ ara rẹ̀ jáde títí, a rò pé kò ní tán. Ìgbà tí ìrù rẹ̀ dé ojú yanrìn, tó jìnnà sí ilé dáadáa, Bọ̀dá Ìdòwú àtàwọn yòókù ya bò ó. Kí eruku tó rọlẹ̀, ó ti parí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn lójú ẹsẹ̀: èyí ní àgbádú ni, tọ̀hún ní irọ́ ni, sèbé ni. Màámi ò dúró gbọ́. Wọ́n ti wà nínú ilé ìdáná. Ìyá Àgbà fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ wọn kọ̀, ó ti kú tipiri. Màámi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú wọn, wọ́n ní, "Ẹ gun ẹ̀yìn mi." Ìyá Àgbà ní àwọn ò ṣe irú ìyẹn láéláé, ṣùgbọ́n Màámi ti fa ọwọ́ wọn sọ́rùn ara wọn. Bí Màámi ṣe pọn ìyá ọkọ wọn jáde sínú oòrùn nìyẹn, ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ń jù fìrìfìrì lẹ́yìn wọn, gbogbo lébìrà pátẹ́wọ́, Bọ̀dá Ìdòwú sì da ṣọ́bìrì nù, ó ń jó.

Ìgbà tí Bàámi dé, ẹnu gbogbo ènìyàn ló ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n wo ejò náà, wọ́n wo ìyá wọn, wọ́n wo ìyàwó wọn, wọ́n wo Àjàní tí ọṣẹ ti gbẹ mọ́ lára bí ẹfun. Ìṣó tú dà nù lọ́wọ́ wọn, wọ́n jókòó sórí yanrìn. Ìgbà tí wọ́n máa dìde, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n lọ pò. Wọ́n dí gbogbo ihò tó wà lára ilé náà láti ìsàlẹ̀ dókè. Wọ́n dí ti balùwẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni omi ìwẹ̀ tí wọ́n fúnra wọn dà lọ́jọ́ kejì kún dé ọrùn ẹsẹ̀, ni Màámi bá ní kí wọ́n tètè là á padà, àwọn á máa lo igi. Ọjọ́ Àìkú kọjá, Bàámi ò sọ ohun tí wọ́n ní àwọn máa sọ, Màámi náà ò sì bi wọ́n. Ìyá Àgbà dúró tì wá títí Àjàní fi ń rìn. Ó ti di géńdé báyìí, ilé iṣẹ́ kan nínú Free Zone, ọgbà ńlá táwọn iléeṣẹ́ pọ̀ sí, ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń bínú bí mo bá ń sọ ìtàn yìí níwájú ìyàwó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo máa ń rí bí mo bá di ojú kì í ṣe ejò náà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo máa ń rí, nígbà tí àwọn típà ti dákẹ́, tí oòrùn pọ́n lórí yanrìn tuntun. Màámi gbé omi kaná, wọ́n dà á sí ìkòkò ńlá, wọ́n fi omi tútù lú u, wọ́n sì gbé e lọ sẹ́yìn ilé. Wọ́n mú Ìyá Àgbà jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tí èmi máa ń wẹ̀ lé. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan lé itan ara wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orúnkún, díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń da omi gbígbóná sí i, wọ́n ń tẹ iṣan tó ti kú. Wọ́n ṣe ọ̀kan tán, wọ́n gbé ìkejì. Ìyá Àgbà ń wo òkè orí Màámi. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú aṣọ ìnura, mò ń retí kí Ìyá Àgbà sọ pé ẹ ṣeun, tàbí kí Màámi sọ pé ẹ má bínú. Màámi da omi tó kù sí ẹsẹ̀ náà, wọ́n fẹ́ dìde. Ìyá Àgbà rọra tú ìró wọn, wọ́n fà á sísàlẹ̀ dé ìbàdí, wọ́n sì yí ẹ̀yìn sí Màámi.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ̀yìn mi kù."